Ẹ BÉÈRÈ, Ẹ GBỌ́: Bàbá tó ń gbẹ́lẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin olùkàwé wa. Lóṣù tó kọjá, mo kàn fẹnu ba ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kan ní Burkina Faso ni, Yacouba Sawadogo, pé ó sọ ilẹ̀ tó ti kú di igbó ńlá. Ìlà mẹ́ta péré ni mo kọ, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa wọ̀ yín lára tó báyìí. Láti ìgbà yẹn ni lẹ́tà ti ń ya wọlé, àwọn mìíràn fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìyá kan tiẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fi gbogbo àyè wa toṣù yìí sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ tó ń tọ́jú ilẹ̀ tí wọ́n tún ń kọ́ ẹlòmíràn. Márùn-ún ni mo mú nínú àwọn lẹ́tà náà. Tí ẹ ò bá rí tiyín, ẹ má bínú sí mi, mo kà á.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Tíṣà ni mí ní abúlé kan lẹ́bàá Kíṣì. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa níbí tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti ń gbin igi sórí ilẹ̀ kan tí gbogbo èèyàn ti pa tì, kì í jẹ́ kí wọ́n dáná sun ún, ó sì ń to òkúta síbẹ̀ kí àgbàrá má bàa gbé ilẹ̀ lọ. Gbogbo Sátidé làwọn ọmọ iléèwé wa máa ń lọ bá a, á máa kọ́ wọn lórúkọ igi. Àwọn kan lábúlé ní orí bàbá ti dàrú. Àwa tíṣà fẹ́ dá owó jọ ká ṣe àwọ́ọ̀dù fún un, irú onígíláàsì yẹn. Kí lẹ rí sí i?

Tíṣà, Ọlọ́run á bù kún yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ tiẹ̀ rí i pé ó yẹ kéèyàn dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá yẹn. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìtàn Yacouba délẹ̀ fún yín ná kí ẹ tó lọ ra gíláàsì, torí ọ̀rọ̀ tiyín wà nínú ẹ̀.

Ọdún 1946 ni wọ́n bí i ní Gourga, abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Ouahigouya, lápá àríwá Burkina, ọmọ ẹ̀yà Mossi ni. Nígbà tó wà ní kékeré wọ́n rán an lọ sílé kéwú ní Mali, kò lọ iléèwé òyìnbó. Ó padà wálé, ó di ọlọ́jà, ó ń ta páátì ọ̀kadà lọ́jà Ouahigouya, ọwọ́ ẹ̀ sì ń tẹ́nu. Àmọ́ àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀dá ń jà ní gbogbo ilẹ̀ Sahel, àwọn ilẹ̀ gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sahara, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 títí wọ àwọn ọdún 1980, òjò ń rọ̀ lónìí kò rọ̀ lọ́la, kànga ń gbẹ, ẹran ń kú, àwọn tó lágbára ń kó lọ sí Ivory Coast, ilẹ̀ wá le gbagidi bíi ibi tí wọ́n da sìmẹ́ǹtì sí, ó funfun, nǹkan kan ò hù lórí ẹ̀ mọ́. Àwọn Mossi lórúkọ tí wọ́n ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, zipellé ni wọ́n ń pè é. Ìgbà tí gbogbo ayé ń sá kúrò lóko ni Yacouba fi ọjà sílẹ̀ tó padà sóko, nǹkan bí ọdún 1980.

Nígbà tó wá débẹ̀, ohun tó ń ṣe ò yé àwọn èèyàn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tóòrùn ń mú ganrínganrín, tí kò sí àgbẹ̀ tó ń jáde, òun á gbé ọkọ́, á máa gbẹ́ ihò sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Wọ́n ní àwọn bàbá àwọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní wèrè ni. Yorùbá ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, bẹ́ẹ̀ ọgbọ́n tó ń ṣe ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí igi wá bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lóko ẹ̀, àwọn kan lọ ti iná bọ ibẹ̀. Tíṣà, ẹ bá mi rò ó wò, kéèyàn fomi ojú gbin igi, kó jí lọ́jọ́ kan kó bá eérú. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Igbó yẹn padà di nǹkan bíi hẹ́kítà 40, ó ju pápá bọ́ọ̀lù àádọ́ta lọ, oríṣi igi àti igi kéékèèké tó wà níbẹ̀ lé ní 60, àwọn aláìsàn ń wá gba ewé àti egbò níbẹ̀, ẹyẹ padà síbẹ̀.

Ìgbà wo ni ayé wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Ọdún 2018 ni wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Right Livelihood ní Sweden, ọdún 2020 ni àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé fún un ní Champions of the Earth. Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 2023 ló kú, ẹni ọdún 77 ni. Ẹ ṣírò ẹ̀, bí ọdún 38 kí àmì ẹ̀yẹ Sweden tó dé. Ohun tó wá ń dùn mí jù nínú ìtàn náà ni pé láàárín ìgbà yẹn, ìlú Ouahigouya ń fẹ̀ bọ̀, wọ́n ń pín ilẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì, pulọ́ọ̀tì sì wọ inú igbó bàbá, wọ́n ń kọ́lé síbi tó fọwọ́ ara ẹ̀ gbìn. Orúkọ ẹ̀ ti dé ìlú òyìnbó lásìkò yẹn o, síbẹ̀ òkìkí ò sọ pé kí wọ́n má gé igi ẹ̀.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fún yín pé ẹ lè ṣe gíláàsì yẹn tó bá wù yín, inú bàbá á dùn, àmọ́ ẹ má fi ṣe àkọ́kọ́. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ fi ṣáájú ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ta ló ni ilẹ̀ tó ń gbin igi sí? Ṣé tiẹ̀ ni àbí ti ẹbí, àbí wọ́n kàn yá a? Ẹ lọ jókòó pẹ̀lú mọ́gàjí wọn àti baálẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibí yìí ò ṣeé tà, kò ṣeé gé, kí wọ́n bu ọwọ́ lù ú, kí ẹlẹ́rìí wà, tí owó bá sì wà kí ẹ pe àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra gíláàsì lè bẹ̀rẹ̀ èyí. Lẹ́yìn náà, kí oṣù Kejìlá tó dé, kí ẹ̀yin tíṣà àtàwọn géńdé abúlé lọ ro koríko yí igbó yẹn ká, kí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ mẹ́wàá, torí iná àwọn ọdẹ kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni kó tó wọlé. Kí ẹ sì máa gba ohùn bàbá sílẹ̀ lórí fóònù, tó bá gbà, igi kan lẹ́ẹ̀kan, kí ó sọ orúkọ ẹ̀, ohun tí wọ́n ń fi ṣe, ìgbà tó ń so. Kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sínú ìwé wọn lédè Yorùbá.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Àbúrò bàbá mi ní igi irú mẹ́rin létí oko ẹ̀, ó tọ́jú wọn dàgbà bí ẹni tọ́mọ, àwọn obìnrin abúlé ló ń ṣa èso wọn lọ́dọọdún, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó kú, kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ẹnì kan fi wá bá àwọn ọmọ ẹ̀ ná an, ó kó ẹ̀rọ wá, ọjọ́ kan ṣoṣo ló gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí mo débẹ̀, kùkùté wọn ṣì tutù, oje ṣì ń jáde lára wọn, àwọn eèrà ti ń tò lọ síbẹ̀. Gbogbo wa la sunkún nígbà tí wọ́n ń sìnkú ẹ̀, a sọ̀rọ̀ ẹ̀ ní rere, a pa màlúù, a dá aṣọ. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó ti ronú kan ìwé ilẹ̀. Àwọn àgbà ní ká kú ká tó dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Bàbá tiyín ṣì wà láàyè, tíṣà. Kí ẹ lọ bi í léèrè fúnra ẹ̀ pé kí ló fẹ́, ó lè jẹ́ ọkọ́ tuntun ló fẹ́, ó lè jẹ́ ìgbẹ́ màlúù ẹ̀kún mọ́tò kan, ó sì lè jẹ́ pé ó kàn fẹ́ kí ẹ bá òun gbẹ́ ihò fún ọjọ́ kan.

Mọ̀mí, mo rí fídíò bàbá yẹn lórí Facebook. Wọ́n ní ikán ló fi ń ṣiṣẹ́. Èkó ni mo wà àmọ́ oko la ti bí mi, ikán ló jẹ iṣu bàbá mi run lọ́dún kan. Ṣé kì í ṣe irọ́ ni wọ́n ń pa?

Ọmọ mi, kì í ṣe irọ́ rárá, mo fi ojú ara mi rí i, kì í ṣe lórí fóònù.

Ihò tó ń gbẹ́ yẹn, zaï ni wọ́n ń pè é. Àwọn baba ńlá wọn ti ń gbẹ́ ẹ tipẹ́, ihò kékeré, wọ́n á ju hóró ọkà sí i, ó parí. Yacouba wá mú un fẹ̀ sí i, ó jẹ́ kó jìn sí i, ó ń da ìgbẹ́ ẹran àti ewé gbígbẹ sínú ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó dé. Ibẹ̀ ni ikán ti wọ ọ̀rọ̀. Ikán gbọ́ òórùn ìgbẹ́ àti ewé, á wá jẹun, bó ṣe ń jẹun ló ń la ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ẹsẹ, ilẹ̀ tí ọkọ́ ò wọ̀ ni ikán máa wọ̀. Nígbà tí òjò bá rọ̀, omi tó yẹ kó ṣàn kọjá lórí ilẹ̀ líle yẹn á rí ọ̀nà tí ikán là, á wọlé lọ, á dúró sísàlẹ̀ dè gbòǹgbò ọkà. Èso igi tó wà nínú ìgbẹ́ ẹran náà á hù. Ìyẹn ni igbó ṣe bẹ̀rẹ̀ o, igi kọ́ ló kọ́kọ́ ń wá, ọkà bàbà àti jéró ló ń wá, igi bá a hù nínú ihò, ó sì ní òun ò ní fà á tu.

Lọ́dún tó kọjá, nínú oṣù Kejì, èmi àtàwọn ọmọ àbúrò mi méjì gbẹ́ 40 irú ihò yìí sẹ́yìn ilé wa, níbi tí mọ́tò máa ń gbà tẹ́lẹ̀ tí koríko gan-an kọ̀ láti hù. Ọkọ́ ń ta padà lọ́wọ́ wa, ó ń dún kàn-ìn kàn-ìn bí ẹni ń lu irin. A jẹ́ kí ihò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó àwo tí wọ́n fi ń jẹ àmàlà, kó jìn tó láti orí ìka dé ọrùn ọwọ́, a kó iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ibi tí ilẹ̀ dà sí kó lè dá omi dúró. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ ẹ̀kúnwọ́ méjì méjì la dà sí i pẹ̀lú ewé máńgòrò gbígbẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo fi ọ̀bẹ gbọ́n ọ̀kan wò. Ewé ti di lẹ́bú, ikán funfun ń sá kiri, ìdí ihò yẹn sì ti lu, ihò kéékèèké tín-ín-rín bí igi ìṣáná, mo ti igi ìgbálẹ̀ bọ ọ̀kan nínú wọn, ó wọlé títí ó kù díẹ̀ kó tán lọ́wọ́ mi. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo wa jáde lọ wò ó lábẹ́ agboòrùn. Omi tó bọ́ sórí ilẹ̀ òde ń sáré lọ sójú títì, èyí tó bọ́ sínú ihò á yí po, á rọra wọlẹ̀ lọ lójú wa báyìí. Ọmọ àbúrò mi kékeré ní "Mọ̀mí, ilẹ̀ ń mu ún!"

Ní ti iṣu bàbá ẹ, ikán tó bá rí igi gbígbẹ àti ewé òkú jẹ kì í sábàà yọ ohun tútù lẹ́nu. Ibi tá a bá ti gbá ilẹ̀ mọ́ féfé, tá a sun gbogbo ewé, ohun tó kù fún un kò ju iṣu wa lọ.

Àmọ́ mi ò ní tàn ẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni. Tí ihò kan bá jìn sí èkejì ní 80 sẹ̀ǹtímítà, ihò tó lé ní 15,000 ló máa wọ hẹ́kítà kan. Ohun tí wọ́n sì ń rí níbẹ̀ tó iṣẹ́ náà, ilẹ̀ tí ò so nǹkan kan tẹ́lẹ̀ á fún wọn ní 300 sí 400 kílò ọkà lórí hẹ́kítà kan lọ́dún tí òjò ò dáa, ó lè dé 1,500 lọ́dún tó bá dáa. Ohun kejì ni pé ibi tí òjò ti kéré ni zaï ti dáa jù, níbi tí òjò ọdún kan wà láàárín 300 sí 800 mìlímítà. Ilẹ̀ Yorùbá ní òjò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ihò 40 tí mo gbẹ́ yẹn, àgbàdo tó wà lápá òkè dáa gan-an, àwọn tó wà nísàlẹ̀ omi dúró sí wọn lẹ́sẹ̀ nínú oṣù Keje, wọ́n pọ́n wẹ́, mi ò rí nǹkan kan ká lórí wọn. Torí náà tí ẹ bá ń bọ̀ wá sílé, ẹ má kàn gbẹ́ ihò kiri. Òkúta títò yẹn ló bá ilẹ̀ wa mu jù, pàápàá lápá Òkè-Ògùn tí òkúta pọ̀. Wọ́n á tò ó ní ìlà ìlà níbi tí ilẹ̀ ti dọ́gba láti apá kan dé ìkejì, omi á dé ibẹ̀, kò ní lè sáré mọ́, á fi iyẹ̀pẹ̀ àti ewé tó gbé bọ̀ sílẹ̀. Báwo lẹ ṣe máa mọ ibi tó dọ́gba? Àwọn tó ń bá àjọ aláàánú Oxfam ṣiṣẹ́ ní Yatenga, agbègbè Yacouba, níjọ́ yẹn kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ohun kan tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan: rọ́bà gígùn tó mọ́ gaara, irú èyí tí bíríkìlà náà máa ń lò, ẹ so orí ẹ̀ méjèèjì mọ́ igi méjì tó ga bákan náà, ẹ rọ omi sínú ẹ̀. Ẹnì kan dúró síbí, ẹnì kejì á máa sún títí omi á fi wà ní ojú kan náà lára igi méjèèjì. Ibẹ̀ dọ́gba nìyẹn, ẹ fi òkúta sàmì síbẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo wà, ní ilẹ̀ Benin. Àgbẹ̀ ni mí, mo mọ nǹkan díẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń tún ilẹ̀ tó ti ṣá ṣe, ó wù mí kí n máa fi han àwọn ará abúlé wa, àmọ́ mi ò kàwé, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Ṣé wọ́n á gbọ́ tèmi?

Bàbá mi, wọ́n á gbọ́ o, tí oko yín bá ti dáa lójú wọn.

Lójú tèmi, nínú gbogbo ohun tí Yacouba ṣe, èyí ló tóbi jù, ó ju igbó lọ. Ọwọ́ ẹ̀ ti ba àṣírí tí ì bá fi dá nìkan là, ó wá ń pín in kiri. Ó máa ń gun ọ̀kadà láti abúlé dé abúlé láti lọ fi han àwọn èèyàn. Lọ́dún 1984 ló dá ọjà kan sílẹ̀ lóko ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn ìkórè, ẹ̀ẹ̀kejì nígbà tí òjò bá kù díẹ̀ kó dé. Àwọn àgbẹ̀ á wá láti abúlé tó lé ní 100, oníkálukú á gbé irúgbìn tiẹ̀ wá. Ẹni tí ọkà ẹ̀ ò yọ lọ́dún yẹn á rí ti ẹni tó yọ, á bi í léèrè ọjọ́ tó gbìn ín àti irú ilẹ̀ tó gbìn ín sí, á sì rí irú ẹ̀ mú lọ sílé. Ṣé ẹ rí i, wọn ò nílò pátákó ìkọ̀wé fún ìyẹn. Ọkà tó wà lọ́wọ́ ẹni ni ẹ̀kọ́.

Àgbẹ̀ mìíràn ní Yatenga níbẹ̀ náà, Ousséni Zoromé, dá ohun tí wọ́n ń pè ní iléèwé zaï sílẹ̀ lọ́dún 1992. Ilẹ̀ tó burú jù létí títì ló mú, òun àtàwọn tó ń kọ́ jọ ń gbẹ́ ẹ, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń rí i, ẹni tó fi wọ́n ṣẹ̀sín lóṣù Kẹrin á tún gba ibẹ̀ kọjá lóṣù Kẹsàn-án, á dúró. Nígbà tó fi máa di 2001, irú iléèwé bẹ́ẹ̀ ti lé ní 20. Lọ́dún 1989, àgbẹ̀ 13 láti Illéla ní ilẹ̀ Niger lọ kí àwọn ará Yatenga, wọ́n wo oko wọn, wọ́n padà sílé lọ dán an wò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e òjò kọ̀, oko tí wọ́n gbẹ́ ihò sí ló rí nǹkan mú jáde, láti ìgbà yẹn ni kò ti sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣàlàyé mọ́. Àwọn onílé Hausa níbẹ̀ ń pè é ní tassa báyìí, wọ́n ti sọ ọ́ di tiwọn.

Nítorí náà ẹ má pe ìpàdé. Ẹ mú ibi tó burú jù lára ilẹ̀ yín, tó bá ṣeé ṣe kó wà létí ọ̀nà ọjà, kí ẹ ṣe é níbẹ̀. Kí ẹ pe ọ̀rẹ́ méjì péré kí wọ́n bá yín ṣe é, torí ẹni tó bá bá yín làágùn nìkan ló máa gbà yín gbọ́. Tí ẹ bá sì ráyè, ẹ wọ mọ́tò lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ọjọ́ kan, ẹ lọ wo Songhai. Ọdún 1985 ni Fadá Godfrey Nzamujo dá a sílẹ̀ níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ oko nínú oko gan-an ni, ìgbẹ́ ẹran wọn ń di ajílẹ̀, ó ń di gáàsì ìdáná, kò sóhun tí wọ́n ń dà nù. Ẹ mú ọmọ tó ń bá yín tẹ lẹ́tà yìí dání.

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, inú mi ò dùn sí ohun tí ẹ kọ lóṣù tó kọjá. Èédú ni mò ń tà ní Ṣakí, òun ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Ẹni yòówù kó máa sọ̀rọ̀ igbó, àwa ló máa bú. Kí wá ni ká jẹ?

Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Mi ò ní bú yín, èmi gan-an ní kóòlù pọ́ọ̀tù nílé, nígbà tí gáàsì gbówó lórí òun ni mo gbé jáde, nítorí náà ọwọ́ mi wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé obìnrin tó ń wá owó iléèwé ọmọ ló ba igbó jẹ́, tí kò sọ̀rọ̀ tírélà tó ń kó o lọ, kò tíì sọ òótọ́ tán.

Àmọ́ ẹ̀yin náà ti rí i pé ibi tí wọ́n ti ń rí igi ń jìn sí i lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ n sọ ohun kan fún yín tó ṣẹlẹ̀ ní Maradi, ní ilẹ̀ Niger. Ọkùnrin ará Australia kan, Tony Rinaudo, ń gbin igi káàkiri níbẹ̀, wọ́n ń kú lé e lórí. Lọ́dún 1983 ló wá kíyè sí i pé àwọn koríko ṣágbàṣágbà tó rò pé igbó lásán ni, kùkùté igi tí wọ́n ti gé tipẹ́ ni wọ́n, gbòǹgbò wọn ṣì wà láàyè nísàlẹ̀, wọ́n kàn ń hù tí wọ́n ń tún ń gé wọn ni. Ó ní kí àwọn àgbẹ̀ dẹwọ́ gígé wọn. Kí wọ́n mú èéhù méjì mẹ́ta tó ta yọ lára kùkùté, kí wọ́n gé ìyókù, kí wọ́n máa rẹ́ ẹ̀ka ìsàlẹ̀. Bí èyí tí wọ́n mú ṣe ń ga, ẹ̀ka tí wọ́n ń rẹ́ di igi ìdáná. Ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún hẹ́kítà tó ti padà ní igi ní Niger lọ́nà yìí, àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló ṣe é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń gé e, ọ̀rọ̀ yín á wọ̀ wọ́n létí ju tèmi lọ. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má hú kùkùté, kí wọ́n má sì gbé iná èédú kalẹ̀ sórí ẹ̀, torí iná yẹn ló ń pa gbòǹgbò. Apá àti àyin tí wọ́n bá gé lónìí, kí wọ́n jẹ́ kó hù, kí wọ́n mú èéhù tó dáa níbẹ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n pé igi èmì àti igi irú, kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá. Igi èmì lè lò tó ọdún 15 sí 20 kó tó so èso tí wọ́n á fi ṣe òrí. Ẹni tó bá gé e lónìí fún àpò èédú mélòó kan ti gba òrí lọ́wọ́ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ yín, ó sì lè gbà á lọ́wọ́ ọmọ tiyín. Ẹ tún kọ̀wé sí mi, ẹ jẹ́ n mọ ohun tí wọ́n sọ.

Mà, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí l'Ọ́yọ̀ọ́. Mo ra èso igi irú lọ́jà, mo gbìn ín lẹ́ẹ̀mejì, kò hù. Kí ló ṣe é?

Ọmọ mi, kọ́kọ́ wò ó dáadáa pé kì í ṣe èyí tí wọ́n ti sè lo rà. Ẹni tó ń ṣe irú gan-an ni kó o lọ bá kó bu èyí tí kò tíì kan iná fún ẹ. Èpo ẹ̀ le bí òkúta, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Gbé omi kaná kó hó, sọ̀ ọ́ kalẹ̀, da èso náà sí i, fi sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Àwọn tó bá wú ni kó o gbìn, èyí tí ò wú, tún omi gbígbóná ṣe fún un. Má lọ ra nǹkan kan o, ọ̀rá piọ́ wọ́tà tí wọ́n ń jù sílẹ̀ ni kó o ṣà, dá ihò mẹ́ta sí ìdí ẹ̀, rọ iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran tó ti gbẹ sí i, ki èso bọ̀ ọ́ kó má jìn ju oríkèé ìka kan lọ, gbé e síbi tí òòrùn ò ti pọ̀ jù, máa bu omi díẹ̀ sí i láàárọ̀. Jẹ́ kó wà nínú ọ̀rá títí á fi tó ìbú ọwọ́ kan ní gíga, kí òjò sì ti fìdí múlẹ̀ kó o tó gbé e sílẹ̀, kí o fi igi ẹlẹ́gùn-ún yí i ká torí ewúrẹ́.

Tí mẹ́wàá bá hù, fún mi ní ìròyìn. Mo ti ń bẹ tíṣà Kíṣì yẹn pé kó fi ọ̀nà abúlé wọn ránṣẹ́, tó bá gbà, mú méjì nínú ẹ̀ lọ bá bàbá. Ó máa mọ ibi tó yẹ kó gbìn wọ́n sí.